Lẹ́tà Yorùbá Lórí Sikirínì Tuntun: Ìdí Tí Ètò Kọ̀ǹpútà Wa Fi Ń Kéré Tàbí Kí Ó Rí Bàìbàì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ní Ìjẹ̀dẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú láìjẹ́ pé wọ́n mọ ibi tó ti ń wá. Ẹnìkan á lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà Òtìgbà ní Ìkẹjà, á ra láptọ́ọ̀pù tokunbo tó dára. Ojú rẹ̀ ń dán, fọ́tò inú rẹ̀ hàn kedere. Ó délé, ó fi ètò ìṣirò owó tó ti ń lò láti ọdún pípẹ́ sí i, ó ṣí i. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré débi pé ó ní láti tẹ orí ba kí ó tó lè kà á, bọ́tìnnì tó fẹ́ tẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé fi mouse bá. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ òdìkejì: lẹ́tà tóbi tó, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ rí bàìbàì, etí rẹ̀ kò mú. Ẹni tó ta ẹ̀rọ á ní ojú oníbàárà ni, kí ó lọ ṣe gíláàsì. Oníbàárà á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹjọ́ àwọn méjèèjì kò tọ́. Ẹ̀rọ náà pé, ojú náà pé. Ètò tó wà nínú ẹ̀rọ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan lórí sikirínì tuntun, ọwọ́ ẹni tó kọ ètò náà sì ni àtúnṣe wà.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: ẹni tó bá ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ fi píksẹ́lì wọn ohun tí ènìyàn máa fi ojú rí. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó kan àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí pé àkọtọ́ wa fi iṣẹ́ ńlá lé àmì tó kéré jù lọ lórí sikirínì lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí píksẹ́lì fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tò ó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Láptọ́ọ̀pù ínǹṣì 15.6 tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì wa ní 1366 ní ìbú àti 768 ní ìnàró. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan, ó sì fún wa ní nǹkan bí 100 nínú ínǹṣì kan. Láptọ́ọ̀pù ínǹṣì 13.3 tí wọ́n ń pè ní 4K ní 3840 ní ìbú àti 2160 ní ìnàró. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, tí wọ́n tò sójú tó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ínǹṣì kan níbẹ̀ gba nǹkan bí 331.

Ká ní ẹni tó kọ ètò kan sọ pé kí bọ́tìnnì ga ní píksẹ́lì 24. Lórí láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, bọ́tìnnì náà máa ga tó mìlímítà 6, ó rọrùn láti rí, ó rọrùn láti tẹ̀. Lórí èkejì, bọ́tìnnì kan náà kò tó mìlímítà 2. Kò sí ohun tó yí padà nínú ètò. Píksẹ́lì ló tín-ín-rín sí i.

Iṣẹ́ télọ̀ á jẹ́ kí ó yé wa. Ká ní ẹnìkan ní kí télọ̀ gé apá aṣọ, tí kò fún un ní ínǹṣì, ṣùgbọ́n tó ní kí ó ka ẹgbẹ̀rún kan fọ́nrán òwú kí ó tó fi àlùmọ́gàjí gé e. Bí aṣọ náà bá jẹ́ òfì tí òwú rẹ̀ nípọn, apá á dé ọrùn ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí òwú rẹ̀ tín-ín-rín, apá yẹn lè má kọjá ìgúnpá. Télọ̀ ka òwú rẹ̀ pé, kò yọ kan sílẹ̀. Ẹni tó ní kí ó máa ka òwú ló ṣì í lọ́nà.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi píksẹ́lì wọn nǹkan kò gọ̀. Nígbà tí Apple gbé Macintosh jáde ní 1984, sikirínì rẹ̀ jẹ́ 512 ní ìbú àti 342 ní ìnàró, 72 nínú ínǹṣì kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan 72 ni. Àwọn atẹ̀wé ti ń pín ínǹṣì sí nǹkan bí ìdá 72 tipẹ́, ìdá kan ni wọ́n ń pè ní póìǹtì, nítorí náà lẹ́tà póìǹtì 12 lórí sikirínì bá ti orí ìwé dọ́gba. Microsoft rò ó lọ́nà mìíràn. Wọ́n ní ènìyàn máa ń jókòó jìnnà sí sikirínì ju bí ó ṣe ń di ìwé mú lọ, wọ́n sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìwọ̀n náà. Báyìí ni 72 ṣe di 96. Nọ́ńbà 96 yìí wọ inú Windows, òun náà sì ni Windows ṣì ń pè ní 100% títí di òní.

Fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ọ̀pọ̀ jù lọ sikirínì tí wọ́n ń tà lọ́jà kò jìnnà sí 96 yẹn. Ẹni tó ka píksẹ́lì àti ẹni tó wọn ínǹṣì ń bá ara wọn níbì kan náà, kò sì sẹ́ni tó rí ìdí láti yà wọ́n sọ́tọ̀. IBM ti fi sikirínì kan tí wọ́n pè ní T220 han ayé ní 2001, ínǹṣì 22.2, tí 204 píksẹ́lì wà nínú ínǹṣì kan rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni, ilé ìwádìí ńláńlá ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ ará ọjà. iPhone 4 ló gbé e dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn ní 2010, pẹ̀lú 326 nínú ínǹṣì kan. Ní 2012 ni MacBook Pro ínǹṣì 15.4 dé pẹ̀lú 2880 ní ìbú àti 1800 ní ìnàró, àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù fún Windows sì tẹ̀ lé e. Bí àwọn ilé iṣẹ́ ìlú òyìnbó bá ti lo irú ẹ̀rọ yẹn fún ọdún díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa dé Òtìgbà, tí á sì tibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Sikirínì ti di tuntun, ètò tó wà lórí rẹ̀ ṣì ń ka òwú.

Apple rí ọ̀nà tó rọrùn gbé e gbà. Wọ́n jẹ́ kí ètò máa wọn nǹkan ní póìǹtì bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n wá sọ fún ẹ̀rọ pé póìǹtì kan jẹ́ píksẹ́lì méjì ní ìbú àti méjì ní ìnàró. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lo Mac kò fi mọ ìṣòro yìí tó wa. Ní ti Windows tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ó gba àlàyé.

Láti ìgbà Windows Vista tó dé ọjà ní 2007, bí ètò kan bá ti ń ṣí, Windows máa ń wádìí lọ́dọ̀ rẹ̀: ṣé o mọ̀ pé sikirínì lè má jẹ́ 96? Inú àkọsílẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní manifest ni ètò sábà máa ń fi ìdáhùn sí. Bí ètò bá dákẹ́, Windows á gbà pé kò mọ̀. Á sọ fún un pé 96 ni sikirínì, á jẹ́ kí ó ya ara rẹ̀ bí ó ṣe ń yà á tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà á mú àwòrán tó yà, á fà á fẹ̀ kí ó lè tóbi tó. Ibẹ̀ ni bàìbàì ti ń wá. Bí ètò bá dáhùn pé òun mọ̀, Windows kò ní fọwọ́ kàn án. Bí ó bá mọ̀ lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ á dára, lẹ́tà á mú, bọ́tìnnì á tóbi bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ ọ́ bá kàn fi "bẹ́ẹ̀ ni" síbẹ̀ nítorí pé bàìbàì sú u, tí kò tún ìṣirò inú ètò ṣe, lẹ́tà á mú, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan á kéré bíńtín. Ìṣòro méjèèjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, orísun kan náà ni wọ́n ní.

Fífà yẹn pàápàá ní èyí tó sàn àti èyí tó burú. Ní 200%, píksẹ́lì kan di mẹ́rin, méjì ní ìbú, méjì ní ìnàró, lẹ́tà kò sì bàjẹ́ púpọ̀. Ní 125% tàbí 150%, píksẹ́lì kan ní láti di kan àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí sikirínì tó ní ààbọ̀ píksẹ́lì. Windows á wá fi àwọ̀ eérú dí ibi tí kò pé. 125% àti 150% yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí ẹ gbé lọ́wọ́ ń lò.

Àwọn tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti bánà ní Ìkòròdú mọ ti lẹ́tà bíńtín dáadáa. Adobe Photoshop CS6, tó jáde ní 2012, kò ní ọ̀nà kankan tí ènìyàn lè gbà mú irinṣẹ́ inú rẹ̀ tóbi lórí Windows. Ẹ gbé e sórí sikirínì 4K, àwọn irinṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn á di ohun tí ènìyàn ń fi ìmọ̀ ọwọ́ wá. Ọdún 2014 ni Adobe fi 200% sínú Photoshop CC, ohun àdánwò ni wọ́n sì pè é. Bí ilé iṣẹ́ tó lówó bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó ṣe é, ẹ máà fi ojú ọ̀lẹ wo ọmọkùnrin tó kọ ètò ilé ìtajà fún yín. Ẹ kàn ní kí ó tún un ṣe.

Ohun kan tún kù lórí èyí. Ẹ̀rọ kan lè ní ojú méjì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, ní gbọ̀ngàn bíi èyí, a máa ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ projector. Láptọ́ọ̀pù lè wà ní 200%, kí projector wà ní 100%. Bí ẹ bá ti gbé fèrèsé ètò láti ìhín sí ọ̀hún, ìwọ̀n gbọ́dọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Windows 8.1 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún ètò láǹfààní láti mọ ìwọ̀n ojú kọ̀ọ̀kan, ní 2013, wọ́n sì mú un dára sí i nínú Windows 10 ní 2017. Ètò tí kò bá gbọ́ èdè yìí ni ẹ máa ń rí tó wú gbẹ̀ǹgbẹ̀ lára ògiri tàbí tó súnkì nígbà tí àwọn ìjọ ń dúró de orin.

Mo ti dé ibi tí ọkàn mi wà báyìí.

Gẹ̀ẹ́sì lè fara da sikirínì tí kò dára. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ dúró lórí ìlà, díẹ̀ ló ní ohunkóhun lókè tàbí nísàlẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ti ń ṣètò àkọtọ́, títí dé ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní Èkó ní January 1875, ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà ni pé kí àmì wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, kí àmì ohùn sì wà lórí fáwẹ̀lì. Ọgbọ́n ni, kò sì sí èyí tí mo fẹ́ kí a jù nù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè gbé nǹkan lórí kí ó sì tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fẹ́ àyè ní ìnàró ju bí àwọn tó ń kọ ètò ṣe ń fún un lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà tí ètò Windows àtijọ́ ń lò jù ni Tahoma tàbí MS Sans Serif póìǹtì 8. Ní 96, póìǹtì 8 kò tó píksẹ́lì 11 pé. Inú ìwọ̀n yìí ni orí b àti d, ara lẹ́tà, àti ìrù g àti p gbọ́dọ̀ ti rí àyè. Ara ẹ kò ju bíi píksẹ́lì 6 lọ. Àmì abẹ́ rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì kan, ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ wá gbé ètò yìí sí 150%, kí Windows fà á fẹ̀. Ẹyọ kan yẹn á di àbàwọ́n eérú tó lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà. Bí wọ́n bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ìlà á gbé e mì. Ẹni tó bá ń kà á kò ní mọ̀ bóyá o ni tàbí ọ, á kàn máa fojú bù ú.

Èyí tó tún burú jù ni gígé. Ẹni tó ń kọ ètò máa ń fi orúkọ òyìnbó kan dán àpótí orúkọ wò, ó rí i pé ó gbà á, ó sì fi píksẹ́lì 13 tì í pa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ sí 125%, lẹ́tà á tóbi, àpótí kò ní tóbi. Orí àpótí ni ètò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́tà, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gé. Kí ló wà nísàlẹ̀? Àmì wa ni. Ẹ tẹ Ọláṣubòmí síbẹ̀: Ọ á di O, ṣ á di s. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lè pàdánù ìrù g díẹ̀ kí ènìyàn ṣì kà á. Tiwa pàdánù lẹ́tà gan-an. Ní ilé ẹ̀kọ́, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní ibi tí wọ́n ti ń wá káàdì aláìsàn ní ilé ìwòsàn, orúkọ ọmọ Yorùbá ń bàjẹ́ lójú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣe àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àwọn akọ̀wé á sọ pé àmì kò wúlò, wọn kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ń dùn mí, nítorí pé wọ́n ń fi ẹ̀bi ètò kan ru èdè wọn.

Ìpele kan tún wà tó jinlẹ̀ sí i. Unicode, ìyẹn ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn: 1EB9, 1ECD, 1E63. Kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n: lẹ́tà ẹ kọ́kọ́ wá, àmì ohùn tẹ̀ lé e, 0301 fún ohùn òkè àti 0300 fún ohùn ìsàlẹ̀, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ gbé àmì náà lé lẹ́tà lórí. Ìṣirò ni gbígbé yìí. Ẹni tó ya fọ́ǹtì ti pín lẹ́tà sí ẹgbẹ̀rún kan tàbí ẹgbẹ̀rún méjì ìdá, ó sì ti sọ ìdá tí àmì á dúró sí. Kọ̀ǹpútà ló ń yí ìdá yẹn sí píksẹ́lì. Níbi tí píksẹ́lì kò ti pọ̀, ìṣirò gbọ́dọ̀ wá odidi tó sún mọ́ ọn jù, àmì á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó kọlu orí lẹ́tà. Níbi tí píksẹ́lì ti pọ̀, àmì á dúró gẹ́lẹ́ síbi tí wọ́n yà á sí. Póìǹtì 8 ní 200% jẹ́ píksẹ́lì 21. Àmì abẹ́ ẹ ti rí ẹyọ mẹ́rin lò, àlàfo sì wà láàárín òun àti ìdí lẹ́tà. Ní 300% ó ti di 32.

Ẹ ò rí i pé sikirínì tuntun jẹ́ oore fún èdè wa. Kò sí ìgbà kan rí tí lẹ́tà Yorùbá lè hàn lójú kọ̀ǹpútà bí ó ṣe lè hàn báyìí. Ètò tó ń ka píksẹ́lì ló ń gba oore náà lọ́wọ́ wa: ó gba sikirínì tó lè fi àmì hàn kedere, ó ya àmì bí ti sikirínì 1995, ó sì fà á fẹ̀ títí ó fi di eérú.

Àwọn tó kàn ń lo ètò, tí wọn kì í kọ ọ́, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ àwòrán ètò náà, ẹ yan Properties, ẹ lọ sí Compatibility, ẹ tẹ Change high DPI settings. Àyè kan wà nísàlẹ̀ tí ẹ ti lè gba ìpinnu lọ́wọ́ ètò. Bí ẹ bá yan Application, Windows kò ní fà á mọ́, lẹ́tà á mú ṣùgbọ́n ó lè kéré. Bí ẹ bá yan System, Windows á fà á, á tóbi ṣùgbọ́n á rí bàìbàì. Ẹ̀kẹta ni System Enhanced, ó dé ní 2017, òun ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Níbẹ̀, Windows fúnra rẹ̀ á tún lẹ́tà yà ní ìwọ̀n tó tóbi dípò kí ó fa àwòrán rẹ̀, bí ètò náà bá jẹ́ irú èyí tó ń lo ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní GDI láti yà. Púpọ̀ nínú ètò owó oṣù, ètò ilé ìtajà àti ètò ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ ní Visual Basic tàbí Delphi jẹ́ irú bẹ́ẹ̀. Kò ní yanjú gbogbo rẹ̀, àwọn àwòrán kéékèèké ṣì lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà á ṣeé kà.

Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lè dín iye píksẹ́lì sikirínì kù, ṣùgbọ́n ìdajì gẹ́lẹ́ ni kí ẹ dín in sí: 3840 di 1920, 2160 di 1080. Ẹ máà yan iye tó wà láàárín, á tún dá wa padà sórí ọ̀rọ̀ ààbọ̀ píksẹ́lì.

Ní ti ríra, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi gan-an. Sikirínì tí píksẹ́lì rẹ̀ há mọ́ra kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá dáadáa, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ lágbára sí i, bátìrì sì ń san owó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná Egbin wà nítòsí wa níhìn-ín, turbine mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan mégáwáàtì 220, gbogbo rẹ̀ 1,320. Síbẹ̀ gbogbo wa mọ bí bátìrì ṣe ṣe pàtàkì nínú ilé àti ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù kọ ìwé owó àti lẹ́tà, ínǹṣì 14 tó ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní ìnàró tó fún un. Ìyẹn jẹ́ 157 nínú ínǹṣì kan, àmì Yorùbá sì hàn dáadáa lórí rẹ̀ bí ètò bá ti dára. Mi ò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn 4K.

Ọ̀rọ̀ kàn yín wàyí, ẹ̀yin tó ń kọ ètò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH ní Ìkòròdú àti ti Caleb ní Ìmọ́ta, àti ẹ̀yin tó fi fóònù àti láptọ́ọ̀pù kọ́ ara yín. Ọ̀pọ̀ yín ń fi Python àti Tkinter bẹ̀rẹ̀. Lórí Windows, ètò yín máa ń rí bàìbàì nítorí pé kò dáhùn ìbéèrè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìlà kan ṣoṣo tó pe SetProcessDpiAwareness kí fèrèsé tó ṣí á mú bàìbàì yẹn kúrò, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó wá rí iṣẹ́ tó kù: gbogbo ibi tí ẹ ti kọ nọ́ńbà píksẹ́lì sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ Java, tó sì wà lórí Java 8, kí ó kúrò níbẹ̀. Java 9 tó jáde ní September 2017 ló kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n sikirínì dáadáa lórí Windows àti Linux. Ẹni tó ń lo Qt, Qt 6 ń ṣe é fúnra rẹ̀ láti 2020; ní Qt 5, láti 5.6 lọ sókè, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún un.

Visual Basic 6 ti 1998 ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé ètò rẹ̀ ṣì wà ní ọ́fíìsì púpọ̀. Àwọn tó ṣe é kò ka píksẹ́lì. Wọ́n lo ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní twip, 1440 nínú ínǹṣì kan, ọ̀nà tó tọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní 96, píksẹ́lì kan jẹ́ twip 15 gẹ́lẹ́. Àwọn tó ń kọ ètò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fi 15 pín nǹkan káàkiri inú ètò dípò kí wọ́n bi ẹ̀rọ léèrè. Ní 120 ó ti di 12, ní 192 ó di 7 àti ààbọ̀. Bí ẹ bá jogún irú ètò yẹn, tí kóòdù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá gbogbo 15 inú rẹ̀ kí ẹ tó wá ohunkóhun mìíràn. VB ní ohun tó ń sọ iye twip tó wà nínú píksẹ́lì kan, TwipsPerPixelX àti TwipsPerPixelY.

Ẹ máà ti gíga àpótí pa. Ẹ bi fọ́ǹtì bí ó ṣe ga tó, kí àpótí tẹ̀ lé e. Ẹ fi àwòrán tí wọ́n fi ìlà ṣe, bíi SVG, dípò àwòrán píksẹ́lì 16 tí ẹ ń fà fẹ̀. Kí ẹ sì dán ètò yín wò ní 100%, 125%, 150% àti 200%, pẹ̀lú orúkọ Yorùbá tí àmì rẹ̀ pé, lókè àti nísàlẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé kò sí ìdánwò tó dára ju èyí lọ fún ètò èyíkéyìí, níbikíbi láyé. Ètò tó bá fi Ọ̀ṣúnṣẹ́gun hàn ní 125% láìgé nǹkan kan kúrò, èmi á gbà pé ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹwà lásán ni. Ẹ ro ti yàrá ìdarí ilé iṣẹ́ iná, níbikíbi tó wà, tí òṣìṣẹ́ jókòó lóru tí ó ń wo nọ́ńbà ooru àti agbára lójú sikirínì. Bí ètò bá fa nọ́ńbà yẹn fẹ̀ títí 3 fi jọ 8, ẹwà kọ́ ló bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń ka ìwọ̀n oògùn, akọ̀wé báńkì tó ń ka odo, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níwájú wọn.

Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin tó ń fọwọ́ sí owó: ẹ̀yin alákòóso ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin tó ni ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ tó san owó ètò tó kù, ẹ ní kí ẹni tó kọ ọ́ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù méjì tí sikirínì wọn kò dọ́gba, kí ó tẹ orúkọ yín síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí àmì kan bá sọnù, iṣẹ́ kò tíì parí. Kò ná yín ní nǹkan kan láti kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó sì mọ̀ pé ẹ máa wò ó á ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tó gbé láptọ́ọ̀pù wá, ẹ tàn án. Ẹ ṣí ètò tó ń dà yín láàmú jù, ká wo ohun tó dáhùn fún Windows, kí a tó gba ìbéèrè.